Ìyálé Mi Ń Bẹ Lọ́run

…àbí kí n sọ pé orí ń fọ́ mi ni? Kí n ní orí ń fọ́ mi, mi ò lè mú bírò lónìí, kí ó gbé tákàdá rẹ̀ bó ṣe gbé e kalẹ̀. Irọ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n orí yìí kan náà ló fọ́ ní Sátidé tó kọjá, òun náà ló fọ́ ní Ọjọ́rú tí ọ̀rọ̀ yìí tún délẹ̀—rárá, Luke kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Yóò kàn wò mí. Yóò fa àga, yóò jókòó, yóò sì tún gbogbo àlàyé náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù rẹ̀ tó ń bí mi nínú yẹn.

Tákàdá náà wà lórí tábìlì oúnjẹ. Ẹyọ kan péré, ó ká a sí méjì. Mo ti gbé agolo ṣúgà lé e lórí bí ẹni pé ó lè dìde rìn. Láti aago méje tí Luke ti jáde nílé, tó lọ sí Challenge lọ gba àyè fún wa nínú ọkọ̀ Aba, mo ti fọ abọ́, mo ti gbá yàrá, mo ti lọ yúnífọ́ọ̀mù Jóṣúà, èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa wọ̀ ọ́. Mi ò tíì ṣí tákàdá náà. Àwọn ọmọ ti lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé dá. Bodija dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ láàárọ̀ Sátidé kí jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìn wa tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ tán, Ìyá Jóṣúà. Jọ̀ọ́, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kó o wá sign ibi tìẹ. Ọ̀la ni Sista Akíndúró fẹ́ gbà á." Luke sọ ọ́ bí ẹni ní kí n bá òun wo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ.

Ibi tèmi. Ibi tèmi ni ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí yóò dúró fún òkú.

Òkú náà ni Adéṣọlá, ìyàwó tí Luke kọ́kọ́ fẹ́, ìyá Ayọ̀mikún. Ọdún kẹwàá tó ti kú rèé. Èmi ni Luke fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kẹjọ wa nìyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Luke wọ ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì, tó ń jọ́sìn lọ́nà Ring Road, mo sì tẹ̀ lé e wọnú omi, torí mi ò fẹ́ kí tọkọtaya máa pínyà lẹ́nu géètì ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè. Nísinsìnyí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a lọ sí tẹ́ńpìlì wọn ní Aba—tẹ́ńpìlì wa, kí n sọ ọ́ dáadáa—níbi tí wọ́n ti ń fi èdìdì di tọkọtaya pọ̀. Kì í ṣe títí dọjọ́ ikú. Títí ayérayé. Luke sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi èdìdì di òun àti Adéṣọlá pọ̀, kí ó tó kan tiwa. Òkú kò lè kúnlẹ̀, nítorí náà obìnrin alààyè kan ni yóò kúnlẹ̀ lórúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ lè ṣe é fún wọn, Sista. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Mo mọ àwọn tó ti ṣe é, wọ́n sunkún ayọ̀ ni." Sista Akíndúró ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ló ń ṣètò ìrìn-àjò náà. Ó di ọwọ́ mi mú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní aṣọ funfun la máa wọ̀. Ó ní dígí ń bẹ lára ògiri, dígí ń bẹ lára ògiri kejì, pé bí a bá gbójú sókè a ó máa rí ara wa nínú wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, láìlópin. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún obìnrin dáadáa yẹn pé èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ojú ta ni Luke máa rí nínú dígí?

Torí ọwọ́ mi ló máa wà nínú ọwọ́ Luke. Orúnkún mi tó ń dùn mí yìí ló máa wà nílẹ̀. Orúkọ Adéṣọlá ni wọ́n máa pè. Èmi… èmi ni màá wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, wọ́n máa rì mí bọmi lórúkọ rẹ̀. Omi máa wọ̀ mí nímú torí Adéṣọlá. Èmi tí mo ti ń fetí sí oorun Luke láti ọdún mẹ́jọ kí orúkọ yẹn má ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo mọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ títí.

Bàbá mi ì bá rí mi. Katikíìsì ni wọ́n fún ọgbọ̀n ọdún, Áńgílíkà gidi, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá jí wọn lójijì, ìwé àdúrà ni wọn á kọ́kọ́ sọ kí wọ́n tó sọ pé ta nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni èmi àti Luke ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí a dé ibi "títí ikú yóò fi yà wá," inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ ìyàwó ni. Kì í ṣe ìyẹn. Ohun tí mò ń rò ni pé obìnrin kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà sí Luke létí rí, ikú sì ti wá, ó sì ti yà wọ́n. Ó parí. Kì í ṣe èmi ni mo lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan mọ́. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé orí mi lé tí mo fi sùn fún ọdún mẹ́fà.

Luke wá dé lọ́jọ́ kan, ó ní ikú kì í yani.

Mo bá a jà, n kò parọ́. Mo ṣí Mátíù orí kejìlélógún fún un. Iṣẹ́ mi nìyẹn kẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Agbowó. Àwọn Sadusí gbé ìbéèrè wá, obìnrin kan fẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́ àbúrò, títí tó fi fẹ́ ọmọ ìyá méje, gbogbo wọn kú, lọ́jọ́ àjíǹde ti ta ni yóò jẹ́? Jésù ní ẹ ti ṣìnà. Ó ní níbẹ̀, wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í fa obìnrin fọ́kọ, bí áńgẹ́lì ni wọ́n rí. Kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ tó mọ́ kedere!

"Ó ní wọn kì í gbéyàwó níbẹ̀," Luke dáhùn. "Kò ní ẹni tó ti gbé e láti ibí máa sọ ọ́ nù. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣe é nígbà tá a wà láyé. Ohun tí wọ́n bá dè láyé, ṣebí Jésù náà ló ní wọ́n ti dè é lọ́run." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Luke kì í pariwo. Bó bá ń pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan sọ padà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò dùn mí. Bàbá mi kọ́ mi pé Ẹ̀mí ni Ọlọ́run, kò ní ara, kò ní eegun, Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ní Ring Road, wọ́n kọ́ mi pé ọ̀tọ̀ ni Baba, ọ̀tọ̀ ni Ọmọ, pé ọ̀kan ni wọ́n nínú ète, àti pé Baba ní ara, ó ní ẹran, ó ní eegun. Mo ní ó dáa. Bàbá mi kọ́ mi pé Bíbélì ti parí, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan kún un. Wọ́n fún mi ní ìwé mìíràn lé e, mo gbà á, mo fi ọ̀rá bò ó kó má baà dọ̀tí. Wáìnì di omi, mo mu omi. Kò sí àgbélébùú lórí òrùlé, n kò wòkè. Wọ́n ní a ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí wọ́n tó bí wa, mo rántí ìyá bàbá mi tó máa ń sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni ẹ̀dá, mo mi orí. Bàbá mi ní oore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbani. Luke ní oore-ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n májẹ̀mú ń bẹ nínú rẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ dá, tó sì gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ìyẹn náà, mo gbà. Kódà nígbà tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ mu tíì mọ́, mo da odidi agolo Milo nù sínú gọ́tà, torí ohun gbogbo tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tíì là ń pè é nílé wa. Sista Akíndúró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Milo ò sí níbẹ̀ o.

Bí Ọlọ́run bá ní ọwọ́, kó ní ọwọ́. Mo fi Mẹ́talọ́kan bàbá mi sílẹ̀ láìjà rárá. Orí Luke ni mo ti wá ń jà. Ṣé onígbàgbọ́ ni mí báyìí? Ọmọ katikíìsì! Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo ti kọ́ láti kékeré, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rántí gbèjà, nítorí pé òun ló lé obìnrin kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

"Ìwọ yìí náà!" Latifah ló sọ bẹ́ẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Ìṣirò. "Tìẹ ti kú, o tún ń jowú ẹ̀. Tèmi ń bẹ ní pálọ̀, ìkòkò mi ló fi ń se ọbẹ̀! Wá, ká ṣe pààrọ̀." A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Latifah ò mọ nǹkan tó ń sọ. Orogún tó wà ní pálọ̀ ń darúgbó. Ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Ó ń jà, ó ń han oorun, ọkọ ń rí i. Adéṣọlá kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná mọ́ láé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Èmi ti pé mẹ́tàlélógójì, mo ń sanra, mo ń gbàgbé ibi tí mo fi gíláàsì mi sí. Luke ní gbogbo ara ló máa di pípé lọ́jọ́ àjíǹde. Ó dáa. Ara méjì pípé ló máa wá dúró níwájú rẹ̀. Èwo ló máa kọ́kọ́ yíjú sí?

Òun kẹ̀. Òun náà ni. Òun ni ìyálé. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ wọlé, kó jẹ́ pé ọjọ́ kan ló fi ṣáájú, òun ni ìyálé. Èmi tí mo rò pé ilé tó dá ni mo wọ̀, mi ò mọ̀ pé ìyàwó kékeré ni wọ́n gbé mi wá ṣe. Bí ilẹ̀kùn ọ̀hún bá ṣí, màá kúnlẹ̀ kí i ni o. Ẹ kú ilé o, ìyá wa. Á ti gbá ibẹ̀, á ti tò ó, á ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan sí. Á sì máa pè mí ní ìyàwó. Wọ́n máa ń sọ pé òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. Èmi ò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu.

Orúkọ Luke gan-an lẹ́nu mi… ọmọ ọdún mẹ́fà ni Jóṣúà, Dádì Ayọ̀ ni mo sì ń pe bàbá rẹ̀ títí di òní. Dádì Ayọ̀, ẹ wá jẹun. Dádì Ayọ̀, iná ti dé. Torí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é kí n tó dé. Inú mi nìkan ló ti ń jẹ́ Luke. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ẹnu ara mi pe ọmọ Adéṣọlá mọ́ ọkọ mi lórúkọ.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọdún mẹ́jọ ni mo fi di irun Ayọ̀mikún. Mo mọ ibi tí orí rẹ̀ ti ń dùn ún. Àǹtí ló ń pè mí. Àǹtí tí kò ní àbùkù, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, àmọ́ Àǹtí. Nígbà tí Luke sọ fún un pé òun náà lè wà nínú èdìdì yẹn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá di ọmọ ọdún mẹ́ta lójú mi. "Ṣé Mọ́mì á dá mi mọ̀?" Mo dìde, mo lọ sí kíṣíìnì, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lásán. Mo ń jowú ìbéèrè. Èèyàn ńlá, mo ń jowú ìbéèrè ọmọdé. Ó tẹ̀ lé mi débẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá Mọ́mì ṣe é?" Mo ní kó lọ sùn.

Ọ̀nà kan ń bẹ ṣá. Luke fúnra rẹ̀ ló là á. Ó ní wọn kì í fi ipá mú òkú, pé ẹ̀bùn lásán ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀mí rẹ̀, ó lè gbà, ó lè kọ̀. Ó lè kọ̀! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Èmi, mò ń bẹ Adéṣọlá. Adéṣọlá, jọ̀ọ́, kọ̀ ọ́. Ọmọ Áńgílíkà ni ọ́, o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, o gba oúnjẹ Olúwa kí o tó kú, kí ni o tún fẹ́ fi ẹ̀kọ́ tuntun ṣe? Sọ fún wọn pé èyí tí o mú lọ tó ọ. Sọ fún wọn pé ikú ti yà yín…

Àmọ́ ta ló máa kọ Luke? Luke tó máa ń fọ abọ́ tó fi jẹun. Luke tó pọn bàbá mi sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ tí wọn kò lè rìn mọ́, tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Wọn ì bá gbé e síwájú mi ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, mi ò ní kọ̀ ọ́.

Wàhálà rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá fi Mátíù borí lónìí, tí Luke gbà pé kò sí tọkọtaya lọ́run, Adéṣọlá bọ́ sọ́tọ̀—èmi náà bọ́ sọ́tọ̀. Luke yóò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú ìmọ́lẹ̀, yóò kí mi bí áńgẹ́lì ṣe ń kí áńgẹ́lì, yóò máa lọ. Bàbá mi ní kò ní dun ẹnikẹ́ni, torí Jésù ni ọkọ ìyàwó níbẹ̀, gbogbo ìjọ ni ìyàwó. Ìyẹn yẹ kó tó mi. Kò tó mi, Olúwa, dárí jì mí. Tó bá sì jẹ́ pé Luke ló tọ̀nà, mo ní i títí ayérayé, àmọ́ àwa méjì la jọ ní i. Ẹ̀kọ́ tí mo ń wá ni èyí tó ní yàrá kan ṣoṣo, èmi àti Luke, kí wọ́n sì tilẹ̀kùn. Kò sí ìjọ tó ń wàásù rẹ̀. Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, bí pátákó ìjọ ṣe pọ̀ tó yẹn, kò sí ẹyọ kan.

Fèrè ọkọ̀ ń dún… kì í ṣe tiwa. Ará ẹ̀yìn ni. Yóò dé láìpẹ́, màá wá sọ pé mi ò tíì ṣí i? Kí ló wà níbẹ̀ tó lè jẹ mí? Orúkọ rẹ̀ ni. Ìkọ̀wé Luke, tó rọra kọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ tó ti tọ́jú sínú fún ọdún mẹ́wàá tí kò sọ fún mi. Ìyẹn ni mò ń sá fún. Mi ò fẹ́ rí bó ṣe rántí i tó.

Torí mo mọ̀ pé ó ń rántí. Oṣù kẹta tí mo wọ ilé yìí ni mo rí ìwé orin Adéṣọlá nínú àpótí tó wà lórí wọ́dúróòbù. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sábẹ́, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ni mo fi ń ṣọ́ Luke láti àárọ̀. Á dákẹ́. Tó bá ti ibiṣẹ́ dé láti Olúyọ̀lé, á lọ jókòó sí bálíkónì, á máa wo títì. Èmi á ti se ẹ̀wà tó fẹ́ràn, màá ti dín dòdò, màá ti wọ ankara tó dáa jù, màá máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè padà sílé. Ní ọdún kẹrin, ó mí kanlẹ̀ níbẹ̀, hùn-ún, báyìí. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. "Kí ni mo ṣe, Ìyá Jóṣúà?" Ó ń bi mí! Ó mọ nǹkan tó ṣe.

Ó yá. Màá ṣí i.

Orúkọ rẹ̀, ó pé. Orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ ikú, ìyẹn náà tọ̀nà. Ọjọ́ ìbí…

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta.

Rárá. Jẹ́ kí n wọ gíláàsì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ọdún rẹ̀ tọ̀nà, ọdún Adéṣọlá ni. Ọjọ́ yẹn àti oṣù yẹn… èmi ni. Ọjọ́ ìbí tèmi nìyẹn! Ọjọ́ tí Luke máa ń gbé kéèkì wálé lọ́dọọdún, tí Jóṣúà máa ń jẹ kíríìmù orí rẹ̀ kí a tó gbàdúrà.

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé ẹnìkan wà nílé. Mo borí! Orí mi ò, mo borí obìnrin yìí. Ọdún mẹ́jọ, ẹ̀wà àti dòdò, mo ti lé e jáde nínú orí ọkọ mi pátápátá, àní ibi tó yẹ kí ó wà pàápàá, ọjọ́ tèmi ló jókòó síbẹ̀. Ìyálé ló ń wá, èmi ló rí. Kí Latifah wá wò ó! Kí Sista Akíndúró wá gbé dígí rẹ̀ wá!

Dúró ná.

Tó bá jẹ́ pé kò mọ ọjọ́ náà… kí ló wá ń ṣe ní bálíkónì? Kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó ni. Ó ti ibiṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń gba atẹ́gùn. Bóyá ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ní Olúyọ̀lé ló ń rò tó fi mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́jọ tí mo fi ń bá a jà lórí ọjọ́ tí kò mọ̀ rárá. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú Adéṣọlá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ̀wà tí mo ń sè, òun ni mo ń sè é fún.

Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ o. Kí n má tan ara mi. Lọ́jọ́ tí Luke wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, ó dárúkọ rẹ̀, ó sunkún níwájú àgbàlagbà, bàbá mi ní ẹni tó lè sunkún ìyàwó báyìí yóò tọ́jú ọmọ àwọn. Ìfẹ́ tó tó ìyẹn. Ọdún mẹ́wàá péré, ọjọ́ tí wọ́n bí i ti lọ. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Bóyá ìyẹn náà ti lọ. Bóyá ohun tó ń lé e lọ sí Aba nìyẹn, tí mo rò pé ìfẹ́ àpọ̀jù ni. Ó ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun so ó mọ́lẹ̀ kó tó lọ tán.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo ti ń sọ òwe yìí láti kékeré, òní ni mo gbọ́ ọ. Tí mo bá kú, yóò sunkún mi. Yóò sunkún mi dáadáa, Luke ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, obìnrin mìíràn á ti máa gba kéèkì lọ́wọ́ rẹ̀, tákàdá mìíràn á sì délẹ̀, ọjọ́ ìbí ta ni yóò kọ síbi tèmi?

Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n fọwọ́ sí i, kí n ká a padà, kí n gbé agolo ṣúgà lé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Ayọ̀mikún ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, kò bi mí rí, èmi náà ò sì sọ fún un. Ìwé orin yẹn, ńṣe ni mo tún tì í wọ ìsàlẹ̀ àpótí. Ìwé ìyá ọmọ, mo fi pamọ́ fún ọmọ. Ọlọ́run kì í ṣìnà nítorí ọjọ́ tí wọ́n ṣì kọ, ó dá mi lójú, yálà Ọlọ́run bàbá mi ni o, tàbí ti Luke. Àmọ́ láyé níbí, tí mo bá dákẹ́, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà kú nìyẹn. Òkú wá kú tán.

Ohun tí mò ń wá láti ọdún mẹ́jọ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó wà lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé bàtà rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí tèmi. Mo mọ̀ pé ó máa ń fa ìlà la nọ́ńbà méje láàárín. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn orin kejìlá, torí ó kọ "ó gùn jù" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó ti máa ń mí nínú orin. Mo mọ ibi tí obìnrin yìí ti ń mí. Luke ò mọ ọ́n. Tẹ́ńpìlì ò mọ ọ́n, ìwé àdúrà ò mọ ọ́n. Ta ló gbé e pa mọ́ títí dòní? Ìfẹ́ kọ́. Owú ni.

Bírò náà nìyí. Mo fagi lé ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, mo kọ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà sókè rẹ̀. Kò gba àkókò rárá. Ibi orúkọ mi ṣófo síbẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún Luke. Mi ò tíì gbà láti kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ Jésù sí àwọn Sadusí ṣì mọ́ kedere lójú mi, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín ọkọ mi, láyé tàbí lọ́run. Fèrè ń dún ní géètì, tiwa ni wàyí.

Olúwa, kí ó tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan péré. Tí ó bá jẹ́ pé èmi ni màá ṣáájú kú, má fún un ní obìnrin onísùúrù. Má fún un ní ẹni jẹ́jẹ́ tí yóò wí pé ẹni tó lọ ti lọ. Jọ̀ọ́, fún un ní òjòwú.